Pulse lórí rọ́ọ̀dù: ipẹ́ kò hàn, irin yíyọ́ sì ń yọ ikùn

Òòró10

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá jórinjórin. Ọ̀rọ̀ pulse ni mo gbé wá, ìyẹn kí ẹ̀rọ ìjórin máa gbé kọ́rẹ́ǹtì sókè, kó sì máa sọ ọ́ kalẹ̀ léraléra. Inverter áńpù 200 ni ẹ̀rọ náà, rọ́ọ̀dù ìjórin (irin tí èèpo bò, tó ń yọ́ sínú ìlà) sì ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Irin pẹlẹbẹ méjì tó nípọn tó mílímítà 10 ni mo tò bíi lẹ́tà T, igun wọn dúró lóòró, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ni mo sì ń jó o. E7018 mílímítà 3.2 ni rọ́ọ̀dù, ojú pọ́sítíìfù ló wà. Ohun tí mo yí sí ojú ẹ̀rọ nìyí:

Kọ́rẹ́ǹtì òkè: áńpù 140
Kọ́rẹ́ǹtì ìsàlẹ̀: 30% ti òkè
Iye ìgbà tó ń gòkè sọ̀kalẹ̀: 2.5 Hz (ìgbà 2.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan)
Àsìkò tó ń lò lókè: 50%
Hot Start (kọ́rẹ́ǹtì tí ẹ̀rọ ń fi kún un nígbà tí a bá ń tanná): 40%
Arc Force (kọ́rẹ́ǹtì tí ẹ̀rọ ń fi kún un kí rọ́ọ̀dù má baà lẹ̀): 0

Bó ṣe wà yẹn, ṣe ni rọ́ọ̀dù ń lẹ̀ mọ́ irin ṣáá. Mo wá gbé Arc Force lọ sí 70. Kò lẹ̀ mọ́ lóòótọ́, àmọ́ irin yíyọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wálẹ̀, àárín ìlà yọ ikùn, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jẹ wọnú, ìdàrọ́ (èèpo rọ́ọ̀dù tó yọ́, tó sì dì) sì há sínú ibi tó jẹ náà. Ipẹ́ (àwọn ìlà kéékèèké tó tò bí ipẹ́ ẹja) tí wọ́n ní pulse máa ń tò, n kò rí ọ̀kan ṣoṣo. Tí mo bá pa pulse, tí mo fi kọ́rẹ́ǹtì sí 110, ó dáa ju èyí lọ fíìfíì. Kí ni mo ṣì ṣe?

ÌdàrọGbóná

Ẹ kú iṣẹ́. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣẹlẹ̀ síbẹ̀, èkejì ló bo ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀.

Ẹ ṣe ìṣirò kọ́rẹ́ǹtì ìsàlẹ̀ ná. 30% ti 140 jẹ́ áńpù 42. E7018 mílímítà 3.2 máa ń fẹ́ nǹkan bíi áńpù 90 sí 140 kó tó jó geere. Ó lè fara da kí kọ́rẹ́ǹtì já sí 75 tàbí 80 fún ìgbà díẹ̀, torí ẹnu rẹ̀ ṣì gbóná láti ìgbà tó wà lókè, ṣùgbọ́n ní 42, ebi ni ẹ fi ń pa á. Ní 2.5 Hz pẹ̀lú 50%, ìgbà méjì àbọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni ebi yẹn ń pa á, ó sì ń tó ìdá 2 nínú ìdá 10 ìṣẹ́jú àáyá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Láàárín ìgbà yẹn, ìkán irin tó wà lẹ́nu rọ́ọ̀dù á kan adágún irin yíyọ́, kò ní sí agbára tí yóò já a, ó dì, rọ́ọ̀dù lẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe rọ́ọ̀dù yín, kò sì sí ohun tó ṣe ọwọ́ yín.

Arc Force wá ni ìkejì. Fóòtì ni ẹ̀rọ fi ń mọ̀ bóyá ẹnu rọ́ọ̀dù ti sún mọ́ irin jù. Tí àlàfo bá kéré, fóòtì á já, ẹ̀rọ á sì fi kọ́rẹ́ǹtì kún un kí rọ́ọ̀dù má baà lẹ̀. E7018 sì rèé, àlàfo kékeré la fi ń jó o, ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fara kan adágún. Tí Arc Force bá wà ní 70, kò níí sinmi rárá. Gbogbo ìgbà tí pulse bá ní kí kọ́rẹ́ǹtì sọ̀kalẹ̀, Arc Force á ní kó gòkè. Àfonífojì tí pulse ń gbẹ́, òun ló ń dí i padà. Nígbà tí pulse bá sì wà lókè, ó tún ń gun orí 140 yẹn. Ìdí rèé tí ipẹ́ kò fi hàn, tí irin sì ń ṣàn: áńpù tó ń wọ inú irin yín ti ju ohun tí ẹ rò pé ẹ yí sí ojú ẹ̀rọ lọ púpọ̀.

Ohun tó yẹ kí ẹ máa fi sọ́kàn ni ìpíndọ́gba. Bí a ṣe ń ṣe é: kọ́rẹ́ǹtì òkè lọ́nà ìdá àsìkò tó ń lò lókè, ẹ ro ó pọ̀ mọ́ kọ́rẹ́ǹtì ìsàlẹ̀ lọ́nà ìdá àsìkò tó kù. Àpẹẹrẹ, òkè 125, ìsàlẹ̀ 80, 50%: 62.5 pẹ̀lú 40, ó jẹ́ 102.5. Ẹ fi wé 110 tí ẹ sọ pé ó dáa láìsí pulse. Ìpíndọ́gba tó bá fi díẹ̀ kéré sí iye tí ẹ máa ń lò láìsí pulse ló sábà máa ń bá iṣẹ́ òòró mu.

Ẹ dán èyí wò:

Òkè 125. Ìsàlẹ̀ 65%, ìyẹn nǹkan bí áńpù 81. Iye ìgbà 1 Hz. Àsìkò òkè 50%. Arc Force láàárín 20 sí 30. Hot Start 25%.

Tó bá ṣì gbóná jù, ẹ má fọwọ́ kan òkè tàbí ìsàlẹ̀. Àsìkò ni kí ẹ dín kù sí 40%: 125 lọ́nà 0.4 jẹ́ 50, 80 lọ́nà 0.6 jẹ́ 48, àpapọ̀ 98. Tó bá tutù jù, ẹ gbé e sí 60%, ó di 107. Bọ́tìnnì kan yẹn ń yí ìpíndọ́gba padà láì ba ìyàtọ̀ òkè àti ìsàlẹ̀ jẹ́, ìyàtọ̀ yẹn ló sì ń jẹ́ kí ipẹ́ hàn.

ẸnuRọ́ọ̀dù

Ohun tí ÌdàrọGbóná kọ tọ́, n kò bá a jà. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká má sọ pulse di oògùn gbogbo-ǹ-ṣe. Lórí irin tó tẹ́ pẹrẹsẹ nílẹ̀, tó nípọn tó mílímítà 6 sókè, kí lẹ fẹ́ fi pulse ṣe? Kọ́rẹ́ǹtì kan náà, ọwọ́ tó dúró ṣinṣin, ó tán. Pulse á kàn fi ipẹ́ sí i lójú ni. Tí ẹ bá sì fi kọ́rẹ́ǹtì ìsàlẹ̀ sí kékeré jù níbẹ̀, inú ipẹ́ yẹn gan-an ni ìdàrọ́ máa ń sá pamọ́ sí. Ìlà kejì á bò ó mọ́lẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ àfi tí wọ́n bá gé e wò tàbí tí wọ́n ya àwòrán inú rẹ̀.

Àwọn kan sì máa ń sọ pé pulse ń dín gbígbóná kù. Irọ́ ni, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ yẹn. Ìpíndọ́gba áńpù 103 nínú pulse àti áńpù 103 láìsí pulse, tí ẹ bá rìn ní ìwọ̀n kan náà, ooru tó wọ inú irin fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ní fóòtì 22, pẹ̀lú mílímítà 90 ní ìṣẹ́jú kan, ó tó nǹkan bíi kilojúùlù 1.5 lórí mílímítà kan, ìbáà jẹ́ èwo nínú méjèèjì. Ohun tó yàtọ̀ ni pé adágún ń ráyè dì díẹ̀ kí iná tó tún gòkè. Ó ń rọrùn láti dárí. Kò sọ irin di tútù.

Ibi tí pulse ti wúlò gan-an ni ibi tí Òòró10 wà yìí: E7018, lóòró, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ẹ wo ìdí rẹ̀. Tó bá jẹ́ E6010 tàbí E6011 ni, ọwọ́ la fi ń ṣe pulse tirẹ̀. A á nà án síwájú, a á fà á padà, adágún á dì nígbà tí ẹnu rọ́ọ̀dù bá jìnnà. Ẹ ò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ fún E7018. Èéfín tí èèpo rẹ̀ ń mú jáde kò pọ̀ tó láti bo adágún tí àlàfo bá gùn, afẹ́fẹ́ á wọlé, ihò wẹ́wẹ́ á kún inú ìlà. Rọ́ọ̀dù tó kórìíra ọ̀rinrin, kí ẹ tún máa nà án kiri nínú afẹ́fẹ́! Pulse wá ń ṣe ohun tí ọwọ́ kò gbọdọ̀ ṣe: ó ń gbé ooru sókè, ó ń gbé e sílẹ̀, ẹnu rọ́ọ̀dù ò sì kúrò níbi tó wà.

Òòró10

Ẹ ṣé gan-an. Mo ti yí i bí ẹ ṣe wí: 125, 65%, 1 Hz, 50%, Arc Force 25. Kò lẹ̀ mọ́ rárá, kò sì ṣàn. Ipẹ́ ti ń hàn. Ohun tó kù ni pé ẹ̀gbẹ́ òsì dáa, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún jẹ wọnú níbi púpọ̀, ipẹ́ náà sì wọ́, kò dọ́gba. Mo ń gbé ọwọ́ láti òsì sí ọ̀tún bí mo ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Mo tún fẹ́ bi yín: kí ló dé tí 2.5 Hz kò dáa? Mo rò pé tó bá yára, ipẹ́ á sún mọ́ra, á sì lẹ́wà.

IpẹẸja

Ọ̀rọ̀ 2.5 Hz yẹn yá. Tí ẹ bá mọ ìwọ̀n tí ẹ fi ń gòkè, ẹ ti mọ bí ipẹ́ ṣe máa jìnnà síra. Ká ní mílímítà 90 ní ìṣẹ́jú kan, mílímítà 1.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nìyẹn. Ní 1 Hz, ipẹ́ kan sí èkejì á jẹ́ mílímítà 1.5, ojú á rí i. Ní 2.5 Hz, ó di 0.6. Ìdàrọ́ E7018 máa ń tẹ́ gbogbo ìyẹn pẹrẹsẹ. Adágún irin mílímítà 8 tàbí 10 kì í yára dì tó bẹ́ẹ̀. Kó tó mọ̀ pé kọ́rẹ́ǹtì já, ó ti gòkè padà. Ẹ̀rọ kan wà tí bọ́tìnnì rẹ̀ ń lọ dé ọgọ́rọ̀ọ̀rún Hz. Tí ẹ bá yí i débẹ̀, ariwo lẹ máa gbọ́, adágún ò ní gbọ́ nǹkan kan.

Fún òòró, láàárín 0.8 sí 1.5 Hz ni kí ẹ máa wà. Kéré sí 0.6, ìgbà tó ń lò nílẹ̀ á gùn jù, ẹnu ìlà á dì, ìdàrọ́ á sì sáré ṣíwájú irin.

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wá ńkọ́? Ọwọ́ yín àti ẹ̀rọ kò jó ijó kan náà. Ní 1 Hz pẹ̀lú 50%, ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lókè, ìdajì nísàlẹ̀. Tí ẹ bá ń gbé ọwọ́ bí ẹ ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, ó lè jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí ẹ bá dé òsì ni kọ́rẹ́ǹtì máa ń wà lókè, tí ẹ bá sì dé ọ̀tún, ó ti sọ̀kalẹ̀. Òkè ń jẹ ẹ̀gbẹ́ irin, ó sì ń fi irin dí i padà. Ìsàlẹ̀ kò ní agbára tí yóò fi dí ohun tí òkè jẹ kù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀tún nìyẹn.

Bó ṣe yẹ kó lọ:

Kọ́rẹ́ǹtì gòkè, ẹ wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹ dúró. Kọ́rẹ́ǹtì sọ̀kalẹ̀, ẹ kọjá láàárín, ẹ má dúró. Kọ́rẹ́ǹtì gòkè, ẹ ti dé ọ̀tún, ẹ dúró. Ó sọ̀kalẹ̀, ẹ padà sósì, ẹ sì gòkè díẹ̀ bí ẹ ṣe ń kọjá. Òsì àti ọ̀tún gba ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ẹ kò nílò láti kà á lórí. Etí ni kí ẹ lò. Dídún òkè máa ń le, ti ìsàlẹ̀ máa ń rọ̀. Nígbà tí dídún bá le, ẹnu rọ́ọ̀dù yín gbọdọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ ìlà, bí ẹni ń lu ìlù.

Àárín ni ikùn ti ń yọ, torí náà ìgbà tí kọ́rẹ́ǹtì kéré ni ká fi gba ibẹ̀ kọjá. Ìdí gan-an tí pulse fi ń tẹ́ ojú igun pẹrẹsẹ nìyí, tí ẹ bá bá a rìn. Tí ẹ ò bá bá a rìn, á tún burú ju ìgbà tí kò sí pulse lọ.

Ìwọ̀n gbígbé ọwọ́ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì: tí ẹ bá fẹ́ ẹsẹ̀ ìlà (ibi tí ìlà gùn dé lórí irin kọ̀ọ̀kan) tó jẹ́ mílímítà 6 sí 8, ẹ má ṣe ju nǹkan bí ìlọ́po méjì àbọ̀ nínípọn rọ́ọ̀dù lọ, ìyẹn mílímítà 8. Ẹnu rọ́ọ̀dù kọjú sókè díẹ̀, bíi ìwọ̀n 5 sí 10, kì í ṣe kó wolẹ̀. Tí gbígbé ọwọ́ bá ṣòro láti bá ẹ̀rọ rìn, ẹ kúkú jó o tààrà láìgbé ọwọ́, ẹ gbé e sí 1.5 Hz, ìlà mẹ́ta kékeré dípò ọ̀kan ńlá. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

ÌdàrọGbóná

Mo fara mọ́ ti IpẹẸja, àfi ibì kan. 1.5 Hz pẹ̀lú gbígbé ọwọ́ kì í ṣeé bá rìn fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Láti 1.2 sókè, ọwọ́ á máa sáré tẹ̀ lé ẹ̀rọ, ìdúró ẹ̀gbẹ́ á kúrú, ẹ̀gbẹ́ á jẹ. Ẹ fi 1.5 sílẹ̀ fún ìlà tààrà nìkan, bó ṣe wí níparí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Àfikún lórí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí. Hot Start máa ń gun orí kọ́rẹ́ǹtì òkè. 40% lórí 140 jẹ́ 196, ẹ̀rọ áńpù 200 yín ti dé òpin agbára rẹ̀, kókó ńlá á sì wú síbi ìbẹ̀rẹ̀. 25% lórí 125 jẹ́ bíi 156, ó tó. Tí ẹ bá fẹ́ parí, ẹ má fà á yọ nígbà tó wà lókè, ẹ máa fi kòtò sílẹ̀ ni. Ẹ dúró lójú kan, ẹ jẹ́ kó sọ̀kalẹ̀, kó gòkè, kó tún sọ̀kalẹ̀, kòtò á kún, ìgbà tó wà nísàlẹ̀ yẹn ni kí ẹ gbé e kúrò. Tí ẹ bá fẹ́ tún tanná sí kùkùté E7018, ẹ kọ́kọ́ fá ẹnu rẹ̀. Ìdàrọ́ tó dì sẹ́nu rẹ̀ kì í jẹ́ kí iná kàn án, ẹ ó sì máa rò pé Hot Start kò tó.

FẹlẹfẹlẹNiTemi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má bínú pé mo já wọ ọ̀rọ̀. Irin fẹ́lẹ́ mílímítà 2, E6013 mílímítà 2.5, iṣẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ, orí-kò-orí. Ó máa ń lu jáde. Ṣé pulse lè ràn án lọ́wọ́? Ṣé E6011 náà lè lo pulse?

ẸnuRọ́ọ̀dù

Níbi irin fẹ́lẹ́, mo yí ohùn mi padà. Ó wúlò níbẹ̀ kódà lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, torí irin fẹ́lẹ́ ò ní ara tí yóò fi gba ooru dúró. Ẹ bẹ̀rẹ̀ báyìí: òkè 75, ìsàlẹ̀ 60% (áńpù 45), 2 Hz, àsìkò òkè 40%. Ìpíndọ́gba: 30 pẹ̀lú 27, ó jẹ́ 57. Ẹ rìn ní nǹkan bíi mílímítà 200 ní ìṣẹ́jú kan, ipẹ́ á jìnnà síra tó mílímítà 1.7. Ojú pọ́sítíìfù tàbí nẹ́gátíìfù, E6013 gba méjèèjì. Nẹ́gátíìfù kì í jẹ irin wọnú púpọ̀, ó sì dára fún fẹ́lẹ́. Ẹ má fi àlàfo sílẹ̀ láàárín irin méjèèjì. Ẹ fi kókó kéékèèké dè é ní gbogbo mílímítà 40 sí 50, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, irin á ká kúrò lójú ara wọn, àlàfo á là, ibẹ̀ gan-an ni yóò lu jáde.

Àbùkù E6013 ni ìdàrọ́ rẹ̀ tó ń ṣàn. Nígbà tí kọ́rẹ́ǹtì bá sọ̀kalẹ̀, ìdàrọ́ máa ń fẹ́ gba iwájú adágún. Tí ẹ bá rí ohun pupa tó ń dán, tó ń sáré ṣíwájú ẹnu rọ́ọ̀dù, ìdàrọ́ ni, kì í ṣe irin. Ẹ tẹ rọ́ọ̀dù síwájú díẹ̀ sí i, kí iná máa tì í sẹ́yìn, tàbí kí ẹ gbé ìsàlẹ̀ sí 65%. Ní kọ́rẹ́ǹtì yìí, mílímítà 2.0 tilẹ̀ yẹ ju 2.5 lọ tó bá wà nítòsí.

E6011? Ẹ pa pulse. Ọwọ́ yín ti ń ṣe pulse tirẹ̀. Tí ẹ bá wá pa méjèèjì pọ̀, ìgbà kan á wà tí ọwọ́ nà án jìnnà, tí ẹ̀rọ náà sì sọ kọ́rẹ́ǹtì kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Iná á kú. Èèpo rọ́ọ̀dù irú èyí ń fẹ́ fóòtì gíga kó tó dúró, àwọn inverter kéékèèké kan kì í lè gbé e dáadáa láìtíì sọ pulse.

WáyàGígùn

Ẹ jẹ́ kí n fi ti iná àti wáyà kún un, torí ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n á ní pulse kò dáa, tó sì jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni kò gbé e.

Òkè 125 ní fóòtì 25 jẹ́ kílówáàtì 3.1. Ìsàlẹ̀ 81 ní fóòtì 23 jẹ́ 1.9. Ní 1 Hz, ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀rù yẹn ń wúwo tí ó tún ń fúyẹ́. Jẹnẹrétọ̀ kékeré á máa hu bí ẹni mí hẹlẹ, á sáré, á rọ̀, fóòtì rẹ̀ á máa lọ sókè sódò, pulse tí ẹ yí á sì dojú rú. Òkè ni kí ẹ fi wọn jẹnẹrétọ̀, kì í ṣe ìpíndọ́gba, kí ẹ sì ka Hot Start mọ́ ọn. Áńpù 156 ní fóòtì 26 jẹ́ kílówáàtì 4. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á jẹ díẹ̀, ẹ pè é ní 4.8. Inverter tí kò ní àtúnṣe agbára iná nínú kì í fa iná geere, ẹ fi 0.7 pín in, ó di bíi 6.9 kVA. Ohun tó bá kéré sí 7 kVA, ẹ pa Hot Start tàbí kí ẹ dín ìyàtọ̀ òkè àti ìsàlẹ̀ kù sí bíi 115 àti 90.

Ẹ tún wádìí ohun tí ẹ̀rọ yín ń pè ní kọ́rẹ́ǹtì. Ẹ̀rọ kan, nọ́ńbà ńlá tó wà lójú rẹ̀ ni òkè. Òmíràn, ìpíndọ́gba ni, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń pín in sókè sísàlẹ̀. Ẹ̀rọ méjèèjì lè kọ 125, kí ohun tó jáde yàtọ̀ pátápátá. Ìsàlẹ̀ náà, òmíràn kọ ọ́ ní áńpù, òmíràn ní ìdá ọgọ́rùn-ún. Bí ẹ ṣe máa mọ̀: ẹ yí iye ìgbà sí ibi tó kéré jù, 0.4 tàbí 0.5 Hz, Arc Force sí 0, ẹ gbé ìsàlẹ̀ sí 80% kó má baà lẹ̀. Ẹ fi kílámúpù mítà há wáyà rọ́ọ̀dù, kí ẹnì kan máa jó àjákù irin, kí ẹlòmíràn wo nọ́ńbà. Ẹ wò ó dáadáa pé mítà náà ń ka DC. Èyí tó ń ka AC nìkan á kọ òdo fún yín. Tó bá ní Min àti Max, ẹ tẹ̀ ẹ́, òkè àti ìsàlẹ̀ á hàn lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà ẹ gbé Arc Force sí 70, ẹ tún wò ó. Ẹ ó rí i pé Min ti gòkè, pàápàá tí àlàfo bá kéré. Ọ̀rọ̀ tí ÌdàrọGbóná sọ lókè á wá wà níwájú yín ní nọ́ńbà.

Ìbòjú tó ń ṣú fúnra rẹ̀ náà: tó bá ń ṣẹ́jú nígbà tí kọ́rẹ́ǹtì bá sọ̀kalẹ̀, ẹ gbé Delay rẹ̀ (àsìkò tó ń dúró kó tó mọ́ padà) gùn ju ìgbà ìsàlẹ̀ lọ. Ní 1 Hz pẹ̀lú 50%, ìsàlẹ̀ jẹ́ ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, ẹ fi Delay sí 0.6 sókè, kí ẹ sì gbé Sensitivity (bó ṣe ń tètè rí iná) sókè. Ẹ má fi ojú yín dán an wò.

Òòró10

Ẹ ṣé, ẹ̀yin ọ̀gá. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ti dọ́gba pẹ̀lú òsì nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi etí gbọ́ ọ. Mo fi kílámúpù wò ó: Max 131, Min 84, Arc Force 25. Ó kù méjì. Ihò wẹ́wẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin wà ní mílímítà 20 àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà kò sí mọ́. Ìkejì, tí mo bá fẹ́ fi rọ́ọ̀dù mílímítà 2.5 jó ìsàlẹ̀ ìlà V (irin méjì tí a fá etí wọn kó rí bíi V) tó ní àlàfo, nọ́ńbà wo ni mo máa yí?

IpẹẸja

Ihò ìbẹ̀rẹ̀ kò kan pulse. Nǹkan méjì ló sábà ń fà á. Èkíní, ẹ tanná, àlàfo ẹnu rọ́ọ̀dù gùn, ẹ wá ń wá ibi tí ẹ máa gbé e sí, èéfín kò tíì kóra jọ. Ẹ tanná ní mílímítà 10 síwájú ibi ìbẹ̀rẹ̀, ẹ yára padà sẹ́yìn pẹ̀lú àlàfo kékeré, kí ẹ wá jó kọjá ibi tí ẹ ti tanná kó lè yọ́ padà. Èkejì, ọ̀rinrin. Tó bá jẹ́ gbogbo ìlà ni ihò wà, ọ̀rinrin ni n bá kọ́kọ́ fura sí. Nítorí pé ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni, ti èkíní ni mo mú. Síbẹ̀, E7018 tó ti jáde nínú páálí, inú ààrò tó gbóná tó bíi ìwọ̀n 120 lórí Celsius ló yẹ kó wà. Tó bá ti gba ọ̀rinrin, yíyan ni, wákàtí kan sí méjì láàárín ìwọ̀n 260 sí 430, gẹ́gẹ́ bí ara páálí rẹ̀ bá ṣe wí. Gbígbé e sórí ẹ̀rọ tó gbóná kò yan nǹkan kan.

Fún ìsàlẹ̀ V: àlàfo mílímítà 2.5 sí 3, etí irin tí ẹ kò fá jẹ́ 1.5. Òkè 85, ìsàlẹ̀ 70% (bíi áńpù 60), 1 Hz, 50%. Ìpíndọ́gba jẹ́ bíi 72. Nígbà tó bá gòkè, ihò bíi ojú kọ́kọ́rọ́ á là lókè adágún. Ó yẹ kó fi díẹ̀ fẹ̀ ju rọ́ọ̀dù lọ, mílímítà 3 sí 4. Nígbà tó bá sọ̀kalẹ̀, ihò á kóra jọ ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dí. Tó bá ń dí nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ẹ̀yìn irin kò ní yọ́ pọ̀, ẹ fi àsìkò òkè sí 55%. Tó bá ń fẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tó gòkè, ẹ dín in sí 45. Arc Force níbẹ̀ lè dé 35, torí ẹnu rọ́ọ̀dù máa ń sún mọ́ adágún gan-an nígbà tí a bá ń tì í wọlé.

ẸnuRọ́ọ̀dù

Ọ̀rọ̀ kan péré lórí ìsàlẹ̀ V yẹn. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n kọ ìlànà ìjórin rẹ̀ sílẹ̀, tí wọn ò sì dárúkọ pulse nínú rẹ̀, ẹ bi ẹni tó buwọ́ lu ìlànà náà kí ẹ tó tan pulse. Tí wọ́n bá ní kí ẹ kọ áńpù sílẹ̀, ẹ kọ òkè, ìsàlẹ̀, Hz àti ìdá àsìkò, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó bá kọ 72 nìkan sílẹ̀ kò tíì sọ ohun tó ṣe.

Òòró10

Mo ti kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sára irin ìdánwò pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì. Tanná-padà-sẹ́yìn náà ṣiṣẹ́, ihò ìbẹ̀rẹ̀ ti lọ. V ló kàn, 55% ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, torí etí irin tèmi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílímítà 2.

IpẹẸja

Ẹ fá a dé 1.5 kí ẹ tó tanná. Ìṣẹ́jú méjì lórí fífá rọrùn ju kí ẹ máa fi pulse wá ohun tí fífá kò ṣe.